Iṣẹ́ Ẹrú Tí À Ń Rán Ọmọ Oníràwọ̀ Kan

Sátidé kan ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, a ta àtíbàbà sójú títì ládùúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ àbúrò ìyàwó mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀fíísà ní Kàdúná, tí wọ́n fi ìràwọ̀ kan sí i ní èjìká kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ìdílé dá àǹkárá, wọ́n pa màlúù, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣàdúrà. Ọmọ náà wọ aṣọ ológun rẹ̀ tí wọ́n lọ̀ tó le gbagidi bíi páálí. Nígbà tó dé iwájú ìyá àgbà, ó dúró díẹ̀, ojú rẹ̀ ń wá ibi tó máa gbé fìlà sí. Ó ṣí i, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti ìràwọ̀ léjìká. Inú mi dùn sí i.

Àdúrà ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan gba gbohùngbohùn. Ó ní, "Ilẹ̀ wa tí wọ́n ń bá wa dù yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí lónìí. Kí wọ́n tún gbé katakátá wá síbẹ̀, kí wọ́n wò ó!" Gbogbo abẹ́ àtíbàbà bú sẹ́rìn-ín, onílù gbè é lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ sójà. Kúrúùtù ni mo wọlé ní Zaria ní 1984, ipò wọ́ráǹtì ọ̀fíísà ni mo wà nígbà tí mo fẹ̀yìn tì ní 2019. Ìràwọ̀ kò kan èjìká mi rí. Ara apá ni wọ́n ń rán tèmi mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti sìn lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọmọ oníràwọ̀ kan, mo sì mọ ohun tó máa ń bá wọn jà kí ọ̀tá tó débẹ̀.

Mo pe ọmọ náà sẹ́yìn àtíbàbà. Mo ní, "Lẹ́fútẹ́náǹtì, ìbéèrè kan péré. Bí wọ́n bá fún ọ ní sájẹ́ǹtì tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, tó ti tó ogójì ọdún, tí ẹ̀yin méjèèjì wá wà nínú kòtò lóru, ṣé 'ìwọ' lo máa pè é ni àbí 'ẹ̀yin'?"

Ó ní, "Dádì, òyìnbó la máa ń sọ."

Mo ní, "Orí pápá pàréèdì ni òyìnbó ń gbé. Tó bá di inú kòtò, èdè ìyá ẹni ni ẹ̀rù ń sọ."

Kò rí èsì fọ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí nìyẹn, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni kò rí èsì fọ̀. Àwa tí a bí i àti ìjọba tó rán an níṣẹ́ náà kò tíì dáhùn.

Ẹ wo ohun tí a gbé lé ọmọ yìí lọ́wọ́. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní Kàdúná, láti 1985 ni wọ́n sì ti ń fi dìgírì kún un. Ó mọ máàpù kà, ó mọ bí a ṣe ń gba orí òkè lọ́wọ́ ọ̀tá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún un ní pílátúùnù: ọgbọ̀n ènìyàn tàbí kó lé díẹ̀, tí a pín sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, tí kópúrà ń darí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, tí sájẹ́ǹtì kan sì jẹ́ igbákejì rẹ̀. Sájẹ́ǹtì yẹn ti lè ní ọmọ mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn máa múra ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Ó ti gbé òkú rí. Ọ̀gá rẹ̀ tuntun kò tíì sanwó ilé rí.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá fi ọdún kan péré jù ọ́ lọ, "ẹ" lo máa fi bá a sọ̀rọ̀. Ìjọba fi ìràwọ̀ kan yí òfin yìí dà láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, ó sì ní kí ọmọ náà máa bá a lọ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Aṣọ ni ìjọba fún un. Àkísà wà lọ́dọ̀ sájẹ́ǹtì.

Àwọn kan nínú àwọn ọ̀fíísà tuntun á gbìyànjú láti fi ariwo bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Wọ́n á máa jágbe mọ́ ẹni tó tó bàbá wọn, wọ́n á ní kó fi orúnkún rìn lójú àwọn ọmọ tó ń darí. Ọjọ́ yẹn ni sójà máa ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe gan-an, láìfi ìka kan kún un. Ẹni tó bá ti sin ogun rí mọ̀ pé ìyẹn burú ju àìgbọràn lọ. Àwọn mìíràn á sì gba ọ̀nà kejì. Wọ́n á di ọ̀rẹ́ gbogbo ènìyàn, wọ́n á máa mu bíà pẹ̀lú àwọn ọmọ ní ọjà inú bárékè. Tó bá di ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n sọ pé "Ìwọ, dìde, ìwọ lo kàn láti lọ ṣọ́ ojú ọ̀nà," ahọ́n á wúwo lẹ́nu wọn.

Kí n tó bá wọn wí jù, kí n jẹ́wọ́ tèmi. Ní 1996, kópúrà ni mo jẹ́. Lẹ́fútẹ́náǹtì tuntun kan dé, ó béèrè iye ọta ìbọn tó wà nílé ìpamọ́ ohun ìjà. A mọ̀ọ́mọ̀ fún un ní iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́nu ènìyàn mẹ́ta. Ó mú ọ̀kan lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà sì bú u lójú wa. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Àwa tí a ní àkísà máa ń fi pa mọ́ fún ẹni tí kò ní, ká lè rí i kó gbọ̀n nínú òtútù. Ọmọ náà kò bi wá ní nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ọ̀fíísà tí kò bá bi àwọn ọmọ rẹ̀ ní nǹkan mọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà, àwa la sì fi í sójú ọ̀nà yẹn.

Ìlú Freetown, ní Sierra Leone tí wọ́n rán wa lọ, ni mo ti rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọjọ́ 6 oṣù Kìíní 1999 ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ ya wọ ìlú náà láti ìlà-oòrùn, láti apá Kissy. Sájẹ́ǹtì ni mo jẹ́ nígbà yẹn, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Lẹ́fútẹ́náǹtì wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ọmọ Yorùbá ni òun náà, kò sì tíì pé oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ wa. Apá ìwọ̀-oòrùn ìlú la wà, à ń wo èéfín tó ń gòkè lódìkejì. Ní òru, ó rákò wá sínú kòtò mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni ká ṣe?"

Mo ní, "Sà, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ yẹn níbi tí àwọn ọmọ wà o. Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ ọ́ fún mi, ó ti tó."

A jọ ka ọta ìbọn lábẹ́ aṣọ òjò. A ka omi. A ka àwọn tí wọn kò tíì sùn láti àná. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun ló dúró, tó fi ẹnu ara rẹ̀ pàṣẹ, tí ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn "Yes, sà!" tí mo fi gbogbo agbára mi pariwo ẹ̀, kí àwọn ọmọ lè mọ ibi tí mo dúró sí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun ló ń jẹun kẹ́yìn. Láago mẹ́rin ìdájí, á máa ti kòtò kan bọ́ sí kòtò kejì, á máa béèrè ẹsẹ̀ ẹni tó wú, á máa béèrè ẹni tó gbọ́ láti ilé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé èmi ni mo ń darí rẹ̀. Kópúrà kan wà tó ti sá fi wá sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, inú ń bí mi sí i. Nígbà tí iṣẹ́ kan tó léwu dé, mo ní kí lẹ́fútẹ́náǹtì jẹ́ ká fi kópúrà yẹn ṣáájú. Ó wò mí. Ó ní, "Sájẹ́ǹtì, a kì í fi ikú jẹ ènìyàn níyà." Ó mú ìwé tí a fi ń yí iṣẹ́ ká, ó wo ẹni tó kàn, ẹni tó kàn ló sì lọ. Ojú tì mí. Mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn òun ni àgbà.

"Ẹ" ni mo máa ń pè é nítorí ìràwọ̀ rẹ̀. Bó bá ku àwa méjì, "ẹ" lòun náà ń pè mí nítorí àkísà mi. Kò sí ẹni tí ohun kankan já bọ́ lára rẹ̀.

Ẹ̀rù àti ọjọ́ orí ṣì rọrùn. Ènìyàn rere méjì lè yanjú wọn nínú kòtò kan. Ohun tí wọn kò lè yanjú ni iṣẹ́ tí àwọn tó wà lókè ń rán ọmọ oníràwọ̀ kan. Yorùbá ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ẹrú bá pọ̀ jù, tó ń dé lóṣooṣù, ahọ́n wo ló tó láti máa fi tọmọ jẹ́ ẹ?

Mo wà ní Borno nígbà tí ogun Boko Haram gbóná. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ka tí mo wà. Wọ́n sọ fún wa pé oṣù mélòó kan la máa lò níbẹ̀, a ó sì yí padà. Oṣù di ọdún. Lẹ́fútẹ́náǹtì wa ni wọ́n rán láti wá sọ fún wa pé oṣù tó ń bọ̀ ni àwọn tó máa gba ipò wa ń dé. Ó tò wá sórí ìlà, ó sọ ọ́. Oṣù náà dé, ẹnikẹ́ni kò dé. Wọ́n tún rán an, ó tún sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, sójà kan láti ẹ̀yìn pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan péré, ẹ̀ẹ̀mẹta: pá, pá, pá. Kò bú u. Kò ju ìbọn sílẹ̀. Àtẹ́wọ́ ni.

Mo ti gbọ́ ohùn oríṣiríṣi ìbọn láyé mi. Èyí tó dùn mí jù ni àtẹ́wọ́ yẹn, nítorí mo rí ojú ọmọ náà. Ó lè ní kí wọ́n ti sójà náà mọ́ gádírúùmù. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó tú wa ká, ó wọnú àgọ́. Lálẹ́ ó wá bá mi, ó ní, "Bàbá, oṣù mẹ́rìnlá rèé tí èmi náà ti rí ìyá mi gbẹ̀yìn." Kò sẹ́ni tó bi í rí. Sójà ń bi í ìgbà tí wọ́n máa lọ sílé. Òun kò ní ẹni tó máa bi.

Ẹ fi fóònù kún un. Lásìkò Freetown, lẹ́tà lè lo oṣù kan kó tó dé. Nísinsìnyí, ìyàwó sójà ń pè é nínú kòtò pé onílé ti kó ẹrù jáde, ọmọ ń gbóná. Sójà ń ka ìròyìn ogun lórí WhatsApp kí ọ̀fíísà rẹ̀ tó gbọ́ ọ lórí rédíò. Lẹ́fútẹ́náǹtì á dé láti sọ ohun tí wọ́n ní kó sọ, àwọn ọmọ rẹ̀ á máa wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọdé tó ń sọ pé òun kò fọwọ́ kan ẹran ìkòkò.

Àwọn àgbà tún ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán an wà nínú ọ́fíìsì tó ní amúlétutù. Ẹni tó ń jẹ́ ẹ fún ti fi ìbọn kọ́ èjìká, kò sì tíì sùn láti ọjọ́ mẹ́ta.

A mọ ibi tí irú ọ̀nà yìí lè já sí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún 2014, ní Màídúgùrì, àwọn sójà yìnbọn sí ọkọ̀ ọ̀gágun wọn, lẹ́yìn tí wọ́n gbé òkú àwọn ẹgbẹ́ wọn dé láti ibi tí ọ̀tá ti lúgọ dè wọ́n. Ní oṣù Kẹsàn-án, kóòtù ológun dájọ́ ikú fún 12 nínú wọn. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n dá irú ẹjọ́ kan náà fún 54 mìíràn tí wọn kò lọ síbi tí wọ́n rán wọn. Àwọn yẹn ní ohun ìjà tó wà lọ́wọ́ àwọn kò tó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n yí ìdájọ́ àwọn 66 náà padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Mi ò gbè sẹ́yìn ọ̀tẹ̀. Sójà tó bá yìnbọn sí ọ̀gá rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ilé tó ń gbé. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀tẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìbọn dún. Ọjọ́ tí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún lẹ́fútẹ́náǹtì ló bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo wa ló mọ Adékúnlé Fájuyì ọmọ Adó-Èkìtì, ẹni tó bá àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi tó jẹ́ olórí ìjọba ológun nígbà náà, kú ní oṣù Keje 1966. Díẹ̀ nínú wa ló mọ bó ti bẹ̀rẹ̀. Sójà lásán ló wọṣẹ́ ní 1943. Ní 1951, nígbà tó jẹ́ sájẹ́ǹtì, àwọn òyìnbó fún un ní àmì-ẹ̀yẹ nítorí ó bá wọn pẹ̀tù sí ìdìtẹ̀ kan tó fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀ka rẹ̀ nítorí oúnjẹ. Oúnjẹ o! Ní 1954 ló tó di ọ̀fíísà, lẹ́yìn náà ló lọ gba àmì-ẹ̀yẹ akin ní Congo. Kí ìràwọ̀ tó kan èjìká Fájuyì, ó ti mọ ohun tó ń wà nínú sójà tí wọ́n bu oúnjẹ rẹ̀ kù. Àwọn ọmọ wa tòde òní kì í gba ọ̀nà yẹn kọjá, a kò sì lè ní kí gbogbo wọn ṣe sójà lásán fún ọdún mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n a lè ya díẹ̀ lò nínú ọgbọ́n rẹ̀.

Àkọ́kọ́, kí ọmọ oníràwọ̀ kan lo oṣù mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ sájẹ́ǹtì àgbà kan kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sí pílátúùnù èyíkéyìí. Mẹkáníìkì pàápàá kì í fi ọmọ iṣẹ́ tuntun sídìí ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ kìíní.

Èkejì, ọjọ́ tí sójà máa padà sílé gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀ kó tó kúrò nílé. Bó bá máa yẹ̀, kí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró níwájú àwọn ọmọ, kó sọ ọ́. Bí ọ̀gágun bá ń bẹ̀rù àtẹ́wọ́, kó má fi ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ṣe apata.

Ẹ̀kẹta, owó oúnjẹ àti owó ojú ogun kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ ọ̀fíísà kankan kọjá. Kó ti báńkì wọ àpò sójà lọ́jọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ohun tó bá gba ọwọ́ ọ̀gá kọjá, bó tilẹ̀ pé pérépéré, sójà á ṣì máa ronú pé wọ́n ti bù ú.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ mi kan máa sọ. Wọ́n á ní ogun kì í ṣe ìpàdé mọ̀lẹ́bí. Bí a bá ń ṣàlàyé gbogbo àṣẹ, ta ló máa kọlu ọ̀tá? Òótọ́ ni. Nígbà tí ìbọn bá ń dún, mi ò fẹ́ àlàyé, "Dọ̀bálẹ̀!" tó fún mi. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ń dọ̀bálẹ̀ láìbéèrè ni pé ẹni tó ní kí n dọ̀bálẹ̀ kò purọ́ fún mi láàárọ̀.

Ó wá ku àwa ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọmọ yín tó di ọ̀fíísà wá sórí ilẹ̀ tí ẹ ń bá ẹnìkan dù. Ẹ má ní kó rán "àwọn ọmọ" láti lọ bá ẹni tó jẹ yín lówó. Ẹ rò ó wò: bó bá kó sójà mẹ́ta wá sÓgbómọ̀ṣọ́ láti wá bá yín na ènìyàn, ó ti jẹ wọ́n ní gbèsè nìyẹn. Lọ́jọ́ tó bá yẹ kó bá ọ̀kan nínú wọn wí, onítọ̀hún á wò ó lójú, á sì rántí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ìràwọ̀ yẹn á wà léjìká lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ti gba àṣẹ inú rẹ̀. Iṣẹ́ ẹrú tó burú jù lọ ni èyí tí ilé ẹni bá rán ni.

Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi tú àtíbàbà.

Ọmọ náà pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá láti ibi tí wọ́n gbé e lọ. Ó ní, "Dádì, wọ́n ti fún mi ní sájẹ́ǹtì. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yín. Tiv ni, kò gbọ́ Yorùbá." Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ẹnu òun ṣì, òun pe sájẹ́ǹtì náà ní "sà" lójú gbogbo àwọn ọmọ. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Sájẹ́ǹtì ńkọ́?"

Ó ní, "Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jẹ́ ká lọ ka ọta ìbọn."

Mo ní, "Iye mélòó ló fún ọ?"

Ọ̀rọ̀ mi kò yé e. Ó ní, "Iye kan náà ni, Dádì. A jọ kà á ni."